Ẹ Má Ṣe Ẹnikẹ́ni

Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Adétà,
lẹ́yìn ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe.
Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá. Fèrèsé yẹn ni mò ń sanwó ilé fún,
kì í ṣe ògiri.
Ìmọ́lẹ̀ àríwá kì í jà, kì í parọ́,
pàápàá lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá fi aṣọ funfun bo oòrùn lójú.
Páálí tí mo fi bébà fàdákà bò
ni mo fi ń dá a padà sábẹ́ àgbọ̀n.

Àwọn òṣèré ló ń wá sọ́dọ̀ mi.
Obìnrin tó ń ṣe ìyálé ìkà nínú fíìmù,
tí wọ́n lé kúrò nídìí ata ní Ìpàtà
nítorí ohun tó fojú ọmọ ọlọ́mọ rí ní apá kejì.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní kí n ya òun bí ọ̀gá adigunjalè,
tó fajú ro, tó fajú ro, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Mọráyọ̀ láti Òmù-Àrán, tó ní kí n fi kọ̀ǹpútà
pa ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun rẹ́.
Mo pa á rẹ́. Ó wo àwòrán náà, ó pẹ́.
Ó ní, "Àbúrò mi tó kú rèé. Òun ni kò kọlà."
Ó ní kí n dá a padà.

Àlàmísì kan ni Bàbá Sítù dé láti Ọ̀fà.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣeré, kíkú sì niṣẹ́ rẹ̀.
Àrùn pa á, ọ̀tá pa á, odò Àsà gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì,
májèlé tó yẹ kó pa ọba, òun ló mu ún.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì," ó ní, "mo kà á.
Ìyàwó mi kì í wò ó mọ́."
Wọ́n ń wá bàbá ìyàwó fún eré kan ní Ìbàdàn,
bàbá ìyàwó tí yóò wà láàyè títí eré yóò fi parí.
Wọ́n ní kó fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó jókòó lórí àpótí. Mo ní, ó yá.
Iná kámẹ́rà kọ mànà, bàbá pajú dé.
Mo tún un yà. Ó tún pajú dé.
Nígbà kẹta, orí rẹ̀ tiẹ̀ yẹ̀ sápá kan, ahọ́n fẹ́ yọ.
"Má bínú, ọmọ mi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà mí lójú,
ara mi á rò pé àkókò tó."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
N kò rí ẹ̀rín yẹn yà. Bátìrì ló kú.

Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pa iná. Mo ṣí aṣọ fèrèsé.
"Ta ni kí n ṣe?" ló bi mí.
Ẹ má ṣe ẹnikẹ́ni, bàbá.
"Ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni, báwo lojú rẹ̀ ti ń rí?"
N kò mọ èsì.
Bàbá tó bí mi, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lẹ́bàá kóòtù,
ohun tó máa ń sọ fáwọn oníbàárà ni pé
kí wọ́n ka owó tó kù lápò wọn lọ́kàn.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó ń kà á. Ojú rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
ètè ń mì: owó ọkọ̀ àbọ̀,
ẹgbẹ̀rún méjì tèmi,
wàrà tí ìyàwó ní kó rà bọ̀.
Ó dúró níbẹ̀. Kò tó.
Ibi tí kò ti tó yẹn ni mo ti tẹ kámẹ́rà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí.
Wọn kò sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ wàrà ni.

Mo fi hàn án. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un lò.
"Ọkùnrin yìí," ó ní, "kò jọ ẹni tó máa tètè kú."
Ẹgbẹ̀rún kan ni mo gbà.
Ó sọdá títì sọ́dọ̀ ọmọbìnrin Fúlàní tó gbé igbá.

Oṣù méjì rèé, Ìbàdàn kò tíì fèsì.
Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá gun àpótí mi báyìí,
tó na ọrùn, tó bi mí pé ta ni kí òun ṣe,
èmi náà á bi í pé:
èló ló kù lápò ẹ?